Ojú Àṣá Níwájú Ìwé Ẹrù

Bí èèyàn bá fẹ́ kí aráyé máa pe òun ní Ojú Àṣá, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ojú rẹ̀ léèrè bóyá ó gbà. Ọkùnrin tí à ń sọ yìí kò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà níbi tó ti ń mu tíì ní ọ́fíìsì, ó sì ń tún un pè títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbà, kí wọ́n lè sinmi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì ni kó máa yẹ ìwé ẹrù wò. Bí oníṣòwò bá fẹ́ ra ọjà lókè òkun, báńkì á kọ ìwé ìlérí fún ẹni tó ń tà á: kó ẹrù sọ́kọ̀, fi àwọn ìwé tí a béèrè ránṣẹ́, bí wọ́n bá pé, a ó sanwó. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, báńkì lè kọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo ni òfin fàyè gbà fún kíkọ̀, inú rẹ̀ sì ni gbogbo àléébù gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí o bá gbàgbé, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí pé "ẹ dákun, mo tún rí òmíràn."

Nígbà tí ìwé ẹrù ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dé, ṣe ló já a gbà. Báàgì iléèwé ni Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí, rà, ó sì ti ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹbí pé báàgì ọ̀hún gbọ́dọ̀ dé kí iléèwé tó wọlé, torí ta ló ń ra báàgì fọ́mọ tó ti ń kó ìwé sínú ọ̀rá lọ síléèwé? Ojú Àṣá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìwé àna òun. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, kò sì pẹ́ tó fi fò sókè: ìwé inṣọ́ránsì méjì ló yẹ kó wá, ẹyọ kan ló wá!

Ayọ̀ yìí ló pa á. Ó kọ lẹ́tà kíkọ̀ náà bí ẹni ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó kà á sókè fún ẹni tó wá gbálẹ̀. Àwọn ìwé yòókù, ó kàn ń ṣí wọn wàràwàrà ni, bí ẹni ń ṣí kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Lẹ́tà lọ.

Ẹni tó ń tajà kò tiẹ̀ jiyàn. Ó fi inṣọ́ránsì kejì ránṣẹ́. Ibi tí Ojú Àṣá ti fẹ́ fi í mọ́ àwọn tó kù ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìwé ọkọ̀ ojú omi. Òǹtẹ̀ pupa ńlá wà láàárín rẹ̀ gbọnrangandan: ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀. Ọjọ́ ọ̀hún sì ti kọjá gbèǹdéke tí ìwé ìlérí fún wọn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kó ẹrù. Iléèwé á ti wọlé tán kí báàgì tó dé.

Wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Tirẹ̀ ò ṣepin láàárọ̀ o, ọ̀sán gangan ló fọ́. "Orí mi," ó ní nínú ara rẹ̀, "òǹtẹ̀ pupa! Tó bá dúdú ńkọ́?"

Ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìwé.

"Ojú Àṣá."

"Sà."

"Àṣá wo?"

Ọ̀gá ní lẹ́tà ti lọ, báńkì gbọ́dọ̀ sanwó. Bí oníbàárà bá gba ẹrù náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá ní òun ò gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àdánù di ti báńkì. "Ìwọ á sì lọ wá iṣẹ́ tí kò nílò ojú."

Ó bá Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ro gbogbo ẹ̀, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

"Ta ló yẹ ìwé mi wò?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ fúnra ẹ?"

"Èmi fúnra mi."

"Mo mà ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ọwọ́ àna mi ni ìwé mi wà."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju èébú lọ. Kò lè gbójú sókè.

Àǹtí mí kanlẹ̀. "Bí mo bá kọ ẹrù yìí, wọ́n á lé ẹ. Bí wọ́n bá lé ẹ, ọ̀dọ̀ mi náà ni àbúrò mi máa kó ẹ wá. Màá gbà á. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa bá mi tà á, ní gbogbo Sátidé, títí á fi tán."

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí báàgì dé, tí iléèwé ti wọlé tán, oníbàárà kan ṣoṣo ló yà. Ó fa sípù, ó yí inú báàgì síta, ó tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀. Ó wá so ó rọ̀ lọ́wọ́.

"Okùn òsì gùn ju tọ̀tún lọ."

Ojú Àṣá wò ó. Òótọ́ ni, bí orí èékánná báyìí.

"Ẹ lè fà á kó dọ́gba, mà."

"Rárá o. Mi ò rà." Ó gbé e kalẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ojú Àṣá sáré tẹ̀ lé e. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́, torí Ọlọ́run, ẹ gbójú kúrò lára okùn yẹn! Báàgì ni kẹ́ ẹ wò! Ẹ wo báàgì!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó dúró gbagidi. Lẹ́yìn káńtà, Àǹtí, tí kò tíì bá a rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Má dákẹ́," ó ní. "Máa wí lọ, ara ẹ lò ń bá wí."

Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tìtìjú-tìtìjú. Oníbàárà ti lọ ní tiẹ̀.