Ẹnì Karùn-ún Tó Wọ Kọ̀ǹpútà Tinúadé

“Mo lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé.” Bí Tinúadé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń ròyìn fún àwa olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ rárá. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín. N kò fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ńlá ti bá a kí ọjọ́ yẹn tó dé. Tinúadé ló ń kọ́ni ní èdè Yorùbá nílé-ìwé wa n'Ìkirè. Ìbéèrè ìdánwò tó tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ti jáde síta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ ìbéèrè náà dé orí àṣìṣe ìbéèrè keje, níbi tó ti gbàgbé àmì kan tó sì kọ ọ́ pé àgbẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sóko. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín àgbẹ̀ náà kí ìwé tó dé ọwọ́ wọn.

Ìyáàfin Adégoròyè, ọ̀gá ilé-ìwé, pè é. “Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ìbéèrè yìí wà. Ẹ wá ṣàlàyé fún mi ní Mọ́ńdè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá kọ̀wé sókè.”

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tinúadé ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi ojú olè wò ó rí. Oorun kò kùn ún fún ọjọ́ méjì, àfi ìgbà tó fẹ̀yìn ti àga lọ́sàn-án Sátidé tí oorun gbé e lọ.

Nínú àlá náà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ń rìn lọ fúnra rẹ̀, bí èèrà tó gbé ṣúgà.

“Níbo lò ń lọ?” ni Tinúadé bi í.

“Ẹ má bínú, mà,” ni ọfà dáhùn. “Ẹni méjì ló ń rán mi níṣẹ́. Ẹ̀yin ní kí n lọ sọ́tùn-ún, onítọ̀hún ní kí n lọ sósì. Ẹsẹ̀ ń ro mí.”

“Ta ni onítọ̀hún?”

“Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́nà.”

Tinúadé so ìró rẹ̀ le, ó kọjú sí rọ́tà, àpótí funfun kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Rọ́tà ti wọ aṣọ ọlọ́dẹ, ó gbé ìwé ńlá kan sórí orúnkún.

“Pe orúkọ gbogbo ẹni tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì nílé mi.”

Rọ́tà pe kọ̀ǹpútà, ó jẹ́. Ó pe fóònù Tinúadé, ó pe fóònù ọkọ rẹ̀, wọ́n jẹ́. Ó pe tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn ní òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dí ìròyìn òun lọ́wọ́.

“Ó ku ẹnì karùn-ún,” ni rọ́tà wí. “Kò lórúkọ.”

“Ta ló wá gbà á wọlé?”

“Ó mọ páswọọ̀dù, mà. Orúkọ ilé-ìwé yín ni, pẹ̀lú ení, èjì, ẹ̀ta. Adìẹ yín gan-an mọ̀ ọ́n.”

Adìẹ yọjú lójú fèrèsé, ó kà á láìṣì. Tinúadé ní ó káre.

Ó pinnu láti lọ fẹjọ́ sùn. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ó rí ọ́fíìsì ìjọba kan tó léfòó lókè òrùlé bí ìkùukùu. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ni àkàbà rẹ̀. Ó gun wáyà náà, ó ń mí hẹlẹ, kò sì wẹ̀yìn títí ó fi débẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kan tó de táì pupa na fọ́ọ̀mù sí i. “Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ kò mọ̀ síbí, kí òun náà sì wá fọwọ́ sí i pé ẹ kò mọ òun.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà wo ló wọlé kẹ́yìn?”

Ó ṣí ìwé wò. “Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.”

“Inú kíláàsì ni mo wà nígbà yẹn.”

“Ẹ̀rí dà?” Kí Tinúadé tó fèsì, òṣìṣẹ́ náà ti ń jẹ fọ́ọ̀mù náà. Etí rẹ̀ gùn, irùngbọ̀n yọ, ó di òbúkọ. Táì rẹ̀ kò tú.

“Ẹ rọra, sà,” ni Tinúadé wí. “Mo ṣì nílò ojú ewé kejì.”

“Mẹ̀ẹ́ẹ̀,” ni òṣìṣẹ́ dáhùn, ó fi ìwo tọ́ka sí ihò kan nílẹ̀. Tinúadé bọ́ sínú ihò náà, ó sì já sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Yàrá ni ibẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Àga kan wà ní kọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ló ṣí ọ sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín dákẹ́, ẹ pe ọkùnrin kan pé kó bá yín tún un ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí ẹ tẹ ‘mo gbà’, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ò sọ fún mi pé kí n padé.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó padé nígbà tí ọwọ́ kan nà wọlé, ó ń táràrà wá ìwé ìdánwò. Tinúadé gbá a mú.

“O ò ní lọ! Jẹ́ kí n rójú ẹ!”

“Ìyá Ìbídùn! Ọwọ́ mi nìyẹn o! Ṣé o fẹ́ fà á já ni?”

Ọkọ rẹ̀ ló wá jí i kó wá jẹun. Ìka rẹ̀ ló dì mú gírígírí.

Tinúadé kò yà sídìí oúnjẹ. Ó kọ́kọ́ fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ, ó wá ń yẹ gbogbo áàpù orí kọ̀ǹpútà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tutù. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Nígbà tó yá, ó rí i: áàpù tí ọkùnrin tó bá a tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe lóòótọ́ ní kó gbà sílẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti gba ibẹ̀ wọlé, láàárọ̀, nígbà tó wà níléèwé. Kò sí Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀, Túsìdeè ló pọ̀ jù. Àlá kì í mọ gbogbo nǹkan. Ó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ó tó yọ áàpù náà dànù, kí ó sì pààrọ̀ gbogbo páswọọ̀dù rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ó gbé fọ́tò náà síwájú ọ̀gá, ó sì ròyìn ọkùnrin tó bá a tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe fún un. Ọ̀gá wò ó pẹ́.

“Ta wá ni olè náà?”

“N kò tíì mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi ni.”

“Níbo lẹ ti rí nọ́ńbà ọkùnrin alátùn-únṣe yìí?”

“Ọwọ́ yín ni, mà. Ẹ ní òun náà ló tún kọ̀ǹpútà tiyín ṣe.”

Ọ̀gá dìde lórí àga rẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì sọ́dọ̀ Tinúadé.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, “ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.”