Ìwọ̀n Ọgbà Àdùfẹ́

“Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! I say make una drop am!”

Ovie káfíńtà ló ń pariwo. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a gbé tábìlì náà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu géètì, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdajì tábìlì wà nínú ọgbà, ìdajì yòókù wà lójú títì. Àga mẹ́fà tó jẹ́ ti tábìlì náà ṣì wà lórí ọmọlàńkẹ níta, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà.

Adékànmí dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Kí ló dé?”

“Bàbá, kò lọ mọ́. Ẹsẹ̀ tábìlì ti kan sàréè Màmá.”

“Ẹ yí i sápá ọ̀tún.”

“A ti yí i. Ògiri ló wà níbẹ̀.”

“Ẹ yí i sósì nígbà náà.”

“Bàbá, òsì yẹn náà ni sàréè wà.”

Ovie fa tépù rẹ̀ yọ. Ó wọn ilẹ̀ láti ìdí ògiri dé etí sàréè, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ìwé tí Adékànmí fi rán an níṣẹ́ ní oṣù tó kọjá.

“Ohun tí ẹ kọ síbí ni ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú. Èyí tí mo wọ̀n yìí, mẹ́jọ ni. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti sọnù.”

“Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n.”

“Ìgbà wo, Bàbá?”

Adékànmí na ọrùn wo ìwé ọwọ́ Ovie. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní Wọ́ọ̀fù Àpápá. Bí ọkọ̀ òkun bá já ẹrù, òun ló ń wọn àpótí, tó ń kọ ìbú àti òró sílẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kan tó pè é padà rí pé iye tó kọ kò tọ̀nà. Kérésìmesì ọdún 1987 ló wọn ọgbà yìí. Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló bá a di etí tépù kejì mú, ó ń fi í ṣẹ̀rín pé ó ń wọn ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ ìjọba. Inú Bíbélì ni ìwé náà wà láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún Ovie, ibẹ̀ ló ti mú un. Kò jáde lọ tún ilẹ̀ wọ̀n.

Kò lè jáde. Oṣù keje rèé tí wọ́n ti sin Àdùfẹ́ sínú ọgbà náà, nítorí ẹnìkan kì í gbé ẹni rẹ̀ lọ sùn sílẹ̀ onílẹ̀ nígbà tó ní ilé. Láti ọjọ́ tí bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì dí ojú sàréè, Adékànmí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn iwájú ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ló ń gbà wọlé.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti fẹ́ kọjá sẹ́yìn òrùlé aládùúgbò, tí ó bá dúró sójú fèrèsé pálọ̀, ó máa ń rí Àdùfẹ́ nínú ọgbà. Orí àpótí ìdáná rẹ̀ ló máa ń jókòó lé, tí yóò kọ ẹ̀yìn sílé, tí yóò máa bó ọsàn. Adékànmí a máa gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára èèpo. Àdùfẹ́ kò bojú wẹ̀yìn rí. Bí Adékànmí bá sì ti ṣẹ́jú, kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò ní sí èèpo ọsàn nílẹ̀.

Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni àpótí yẹn. Ó ti ṣèlérí àga fún un. Ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ kí máníjà òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ kú ọdún ní Àpápá, wọ́n bá àga funfun mẹ́fà àti tábìlì gbọọrọ lábẹ́ igi nínú ọgbà tí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sílé ní Ajégúnlẹ̀, Àdùfẹ́ ní yóò wu òun kí àwọn náà máa jókòó síta nírọ̀lẹ́. Adékànmí ní bí òun bá ti fẹ̀yìn tì, òun yóò ṣe irú rẹ̀ gan-an fún un. Ó fẹ̀yìn tì. Òrùlé ń jò, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn òrùlé, kànga. Lẹ́yìn kànga, àìsàn dé. Ní báyìí, èrò rẹ̀ ni pé bí Àdùfẹ́ bá rí àga rẹ̀, yóò yí ojú padà wo òun, òun yóò sì mọ̀ pé ó ti dárí jì òun.

“Ẹ gbé e lé e lórí,” ó wí.

Ovie wò ó. “Lórí kí ni?”

“Lórí sàréè. Sìmẹ́ńtì yẹn kò ga tó orúnkún. Ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró yí i ká.”

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé tábìlì ṣí fìlà lórí.

Bùsáyọ̀ ló jáde láti inú ilé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni àkọ́bí wọn, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Sùúrùlérè, ó sì máa ń wá fọ aṣọ fún bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

“Bàbá mi, ẹ fẹ́ gbé tábìlì ka Ìyá mi lórí?”

“Mo fẹ́ mú ìlérí ṣẹ.”

“Ta ni yóò wá jókòó sórí àga mẹ́fà? Àlejò wo? Ẹ̀yin tí pásítọ̀ kan ilẹ̀kùn fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ní kí n sọ pé ẹ ti sùn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀!”

Ọkùnrin tó ṣí fìlà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi fìlà náà bo ẹnu.

“Bùsáyọ̀, wọlé lọ.”

“Mi ò wọlé.”

Ovie tú àga kan lórí ọmọlàńkẹ. Ó gbé e wọ àárín tábìlì àti ògiri, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, tábìlì há a níkùn.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ wò mí. Àga tí èèyàn ò lè fà sẹ́yìn, no be chair be that, na prison. If piss catch me now, gbogbo ilé ló máa dìde kí n tó kọjá. Ọgbà kékeré, àga díẹ̀. Ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ lè dìde, ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà. Tí ẹ bá sì gbé tábìlì lé Màmá lórí, ibo lẹ máa dúró sí tí ẹ bá fẹ́ kí wọn?”

“O mọ èyí, o sì gba iṣẹ́?”

“Èmi ò mọ̀ pé inú ọgbà lẹ sin wọ́n sí. Méjìlá lẹ kọ. Méjìlá náà ni mo wọ̀n nígbà tí Màmá pè mí.”

“Màmá wo?”

“Màmá Bùsáyọ̀ nau.” Ovie ń tiraka láti jáde kúrò nínú àga. “Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilẹ̀. Wọ́n ní àga méjì ni ọgbà yìí gbà, kó ní apá tí èèyàn lè gbọ́wọ́ lé. Wọn ò fẹ́ tábìlì rárá. Mo ní ṣé kí n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ bi yín. Next week, they come back. Wọ́n ní, ‘Ovie, fi í sílẹ̀. Ọkọ mi ní mẹ́fà ni tàbí kó má sí rárá.’ They even laugh am. Nígbà tí ẹ wá gbé ìwé àga mẹ́fà fún mi, I think say una two don agree before Mama go.”

Bùsáyọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀. Adékànmí ń wo ilẹ̀.

Ó rántí. Ó ń ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà. Àdùfẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́. “Bàbá Bùsáyọ̀, méjì náà á tó wa o.” Kò gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú. “Ohun tí a bá máa ṣe, ká ṣe é bó ṣe yẹ. Mẹ́fà ni, tàbí kó má sí rárá.” Àdùfẹ́ ní, “Ó dáa,” ó sì padà sí ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ kò ju báyẹn lọ. Lọ́jọ́ náà, Adékànmí tilẹ̀ rò pé òun gbé e níyì ni, pé òun kò jẹ́ kí ó fara mọ́ ohun tó kéré.

Òun ló rí àga mẹ́fà nínú ọgbà máníjà. Àdùfẹ́ rí ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí.

“Gbé tábìlì náà padà,” Adékànmí wí fún Ovie.

“Àwọn àga ńkọ́?”

“Kí mẹ́rin bá a lọ.”

“Méjì yòókù?”

Adékànmí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìpele kan lẹ́ẹ̀kan, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan iyanrìn. Ó na ọwọ́ gba tépù. Ovie di etí kejì mú fún un. Ó wọn ilẹ̀ láti ògiri dé sàréè, ó wọn ìbú àga, ó wọn àyè tí yóò kù fún ẹni tó bá ń kọjá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni. Ó wò ó títí, bí ẹni pé iye náà lè yí padà.

“Gbé wọn síhìn-ín. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sógiri.”

Aago márùn-ún kù díẹ̀ nígbà tí ọmọlàńkẹ yí kọ́nà lọ sójú ọ̀nà Òjó. Adékànmí jókòó sórí àga kan, ó gbé apá lé e. Àga kejì wà ní òsì rẹ̀, ó ṣófo. Láti ìhà Àpápá, ọkọ̀ òkun kan fọn fèrè, àwọn tírélà dá a lóhùn. Oòrùn kọjá sẹ́yìn òrùlé aládùúgbò, ojú sàréè sì ṣú.

Ó gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára èèpo ọsàn.

Kì í ṣe níwájú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń dún, ní òsì, ó súnmọ́ ọn débi pé bó bá na ọwọ́, yóò kan án. Kò yí ọrùn. Ó di apá àga mú, ó ń tẹ́tí. Ọ̀bẹ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kánjú.

Bùsáyọ̀ jáde pẹ̀lú ife tíì méjì. Ó gbé ọ̀kan fún un, ó sì rìn lọ sídìí àga kejì. Ọwọ́ Adékànmí ti na kọjá lórí àga náà kó tó mọ̀. Ẹnìkan wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n rẹ̀.

Bùsáyọ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, ṣé kí n má jókòó?”

Adékànmí tẹ́tí. Ìró ọ̀bẹ ti dákẹ́. Ó ń dúró kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Tíì ń gbóná lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, apá òsì sì ti ń ro ó lórí àga tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Jókòó.”

Bùsáyọ̀ jókòó. Àga náà dún lábẹ́ rẹ̀, bí àga tuntun ṣe máa ń dún. Adékànmí ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè na tirẹ̀.