Ọba Tó Ṣe Wẹ́kú

Ìlú kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, síbẹ̀ tí ètò inú rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló wà, irú èyí tí àwọn díẹ̀ ń lò nílé nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ló ń gba iná láti ìta, tó sì ń pín in fún olúkúlùkù bó ṣe tọ́ sí i. Kánkán ló ń ka ìṣísẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń rìn papọ̀. Ojú ló ń fi iṣẹ́ ìlú han ará ìta. Láàárín wọn ni Àga wà, àga dúdú tó ní ihò ogójì. Orí rẹ̀ ni Ọba Ajíṣirò jókòó sí, tó ki ẹsẹ̀ ogójì bọ ihò ogójì.

Akọ́sórí ni àgbà obìnrin tó mọ ìwé ìlú lórí. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Láràárọ̀, bí Ọ̀tún bá ti tan iná, Akọ́sórí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin láti ìbẹ̀rẹ̀, ọba yóò máa ṣe ohun tó bá kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú yóò sì jí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò fìgbà kan ṣi ọ̀rọ̀ kan kà.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, iná tó ti ìta wá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀tún dì í mú títí apá rẹ̀ kò fi ká a mọ́. Nígbà tí yóò fi já iná náà, ọba ti kú sórí àga. Ọwọ́ ńlá tó máa ń ti òkè wá ṣí òrùlé ìlú, ó fa ọba yọ, ó gbé e lọ. Gbogbo ìlú gbọ́ ohun tí ẹni tó ni Ọwọ́ náà sọ fún ìyàwó rẹ̀, pé bí òun kò bá rí òmíràn tó ṣe wẹ́kú kí oṣù tó parí, kí ó jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àtijọ́ wá kó gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn, wẹ́kú, ni ìgbìmọ̀ ìlú dì mú. Ọ̀tún bi Àga pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àga ní kò ní àlàyé kankan nínú: ẹsẹ̀ ogójì fún ihò ogójì, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì mọ ihò tirẹ̀. Ó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Kò sí ẹni tó bi Akọ́sórí léèrè ohunkóhun, òun náà kò sì dá sí i. Ẹni tó bá ti ń kàwé fún ìlú fún ọdún mẹ́rìndínlógójì lè máa rò pé bí ọ̀rọ̀ bá kan òun, wọn yóò pe òun.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Ọwọ́ gbé wá lágbára lóòótọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ní, ó sì ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fọ́ àga náà kí wọ́n ṣe èyí tó gba òun. Wọ́n dá a padà. Ẹsẹ̀ ẹnì kejì pé ogójì géérégé. Ọ̀tún ti ń yọ̀, àfi ìgbà tí Àga yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tó rí i pé ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa gba iná ló fẹ́ kì bọ ihò tí iná ń gbà jáde sínú ilẹ̀. Bó bá jókòó báyìí, èéfín ni yóò jọba. Wọ́n dá òun náà padà, oṣù sì ń lọ.

Ẹnì kẹta ni Arọ́pò. Ìran kan náà ni òun àti ọba tó kú, ó kàn jẹ́ pé òun kéré lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ kì í sì í gbóná. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bọ́ sáyè. Ọ̀tún tan iná pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nǹkan kan kò jó. Kánkán bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀, Akọ́sórí bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, Arọ́pò ń ṣe bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ojú tilẹ̀ ti mọ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà tí Akọ́sórí dé ojú ìwé kọkànlá, tó pe ọ̀rọ̀ kan: Gbápọ̀. Arọ́pò dúró. Kò na ọwọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá ọwọ́ rẹ̀ lófìfo, ìyẹn tó tún tẹ̀ lé e dàrú, ìlú sì dákú.

Ìgbìmọ̀ fajú ro sí i. Gbápọ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ki ọba tó wàjà! Agbápọ̀, ọba ọlọ́wọ́ méjì, ni wọ́n máa ń pè é bó bá jí. Ọ̀tún ní ẹni tí kò mọ èyí kò lè jọba níbí. Arọ́pò tẹríba, ó ní:

“Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ìran wa ni mo mọ̀, kò sì sí èyí tí Màmá pè tí n kò ṣe, àfi ọ̀kan yìí. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe é, ẹ sọ ohun tó túmọ̀ sí fún mi. N kò fẹ́ purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ láràárọ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn wá yíjú sí Akọ́sórí. Ojú ti obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

“Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọba wa náà kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti pè é, ṣe ni orí rẹ̀ máa ń dàrú, tí yóò na ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì fi méjèèjì gba ẹrù. Àbùkù ara ni. Àwọn tó kọ ìwé sínú mi rí i pé ó ń dín iṣẹ́ kù, wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún. Àbùkù ẹnì kan la sọ di òfin, àwa náà sì fi ń kì í. Ẹ má bá ọmọ yìí jà. Ó ṣe wẹ́kú. Èmi ni n kò ṣe wẹ́kú.”

Ọ̀tún dábàá pé kí wọ́n kúkú wá ọba mìíràn tó ní irú àbùkù yẹn. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn ni. Akọ́sórí ní wọn kò ṣe irú wọn mọ́, àti pé ìwọ̀nba tó bá kù ti gbó bí ẹni tó lọ, ikú kan náà ni yóò pa wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù nínú oṣù.

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn òun tí wọ́n fi bébà bò. Bí wọ́n bá ṣí bébà náà, tí wọ́n sì tan irú ìmọ́lẹ̀ kan sí i, gbogbo ohun tó wà nínú òun yóò pa rẹ́, wọn yóò sì lè kọ ìwé tuntun síbẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ kí ìyókù ṣẹ́ kù.

Kánkán, tó ti dúró tì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, ló béèrè pé, “Gbogbo rẹ̀ pátá? Àti èmi?”

“Àti ìwọ, Kánkán.”

Ẹ̀rù ba Akọ́sórí. Bí wọ́n bá ní kó kú, ì bá rọrùn fún un, nítorí ìsinmi ni yóò kà á sí. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé òun yóò wà níbẹ̀, láàárín wọn, òun kò sì ní mọ ẹnikẹ́ni. Ó retí pé ẹnì kan yóò sọ pé kó má ṣe é. Ọ̀tún wo ilẹ̀. Kánkán fẹ́ sọ ọ́, ó sì rántí àwọn tó ń ra irin. Akọ́sórí wá sọ fún Ojú pé Arọ́pò lè ṣe ìwé náà dé ojú ìwé kẹwàá, ìyẹn sì tó fún Ojú láti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí Ọwọ́ rí síta. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló fi kún un:

“Ẹ ní kí Ọwọ́ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lórí àga yẹn lè kà. Kó má kọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo.”

Ọwọ́ dé lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ín ka ohun tí Ojú kọ, ó sì gbé Akọ́sórí lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú oṣù nígbà tó gbé e padà. Ọ̀tún tan iná. Obìnrin náà kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ dá ṣáká, kò sí àárẹ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó dé ojú ìwé kọkànlá, ó ní kí ọba fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó sì ní kó fi ọwọ́ òsì gbà. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ojú mọ́lẹ̀ kedere. Ìlú jí, inú gbogbo wọn dùn, Ọ̀tún tilẹ̀ ń wá oríkì tí yóò fi ki ọba tuntun.

Kánkán kí i, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i padà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tí wọn kò mọ̀ rí, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n.

“Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà níbí, Bàbá?”

Kánkán ní kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ó padà sídìí ìṣísẹ̀ tó ń kà.