Ojúde Àwọn Edé

Nígbà tí Nehemiah Ọ̀pádọ̀tun ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn dé sí ilé rẹ̀ ní Fìdítì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò tíì bọ́ bàtà tí ó fi lọ sí ìdí àpótí dígí tí ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Inú omi àpótí yìí ni ó ti ń sin àwọn edé pupa wẹ́wẹ́. Kì í ṣe fún ọbẹ̀ ni ó ń sìn wọ́n. Ó kàn fẹ́ràn láti máa wò wọ́n ni. Ọ̀kan nínú wọn ti kó ẹyin sábẹ́ ikùn. Abo yìí ti pamọ rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ náà ni ó ṣègbé nítorí pé wọn kò rí ibi sá pamọ́ sí. Láti ìgbà náà ni Nehemiah ti gbin koríko omi síbẹ̀, tí ó sì to òkúta sí àárín rẹ̀. Bí ẹyin ti ọ̀tẹ̀ yìí bá tún ṣòfò, ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní sin edé mọ́ láyé.

Ó wo inú dígí, ẹnu yà á. Kò sí koríko kan ṣoṣo níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Àwọn òkúta wà ní ìlà méjì gbọọrọ, bí èyí tí wọ́n máa ń kùn ní ẹfun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ilé míṣọ́n. Àwọn edé há mọ́ igun kan. Abo ẹlẹ́yin kò sí láàrin wọn.

"O ti rí i, àbí?" Ìyá rẹ̀ ni, tí ó ti Ìlọra wá kí wọn láàárọ̀. "Dúpẹ́ kí o tó jókòó."

"Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ̀yin ni ẹ ṣe é?"

"Èmi ni. Ojú tì mí nígbà tí mo wọlé. Ọmọ tíṣà Ọ̀pádọ̀tun ni igbó wá hù ní pálọ̀ rẹ̀! Bí bàbá rẹ bá wà láyé, orí ìkúnlẹ̀ ni ìbá ti ní kí o ro ó."

Ẹ̀rín ń pa Nehemiah, ẹ̀rù sì ń bà á. "Ẹ ṣeun, Màmá. Koríko náà ńkọ́?"

"Ó wà nínú bàsíà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ da tomi tewé sí ìdí ata."

Nehemiah ti sáré jáde. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Kí ló dé? Ata ni mo wí, mi ò ní mo fẹ́ sun ilé!"

Ó bá a ní ìkúnlẹ̀ nídìí bàsíà, tí ó ń fi ìka ya koríko.

"Aboyún ni mò ń wá, Màmá. Ọ̀kan nínú wọn kó ẹyin."

"Aboyún! O kò sì sọ fún mi?" Ìyá ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó tì í. Kò pẹ́ tí ó fi di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Rọra! Ohun pupa wo nìyẹn?"

Edé náà ni, tí ó rọ̀ mọ́ abẹ́ ewé kan, tòun ti ẹyin rẹ̀ lódidi.

Nehemiah fẹ́ dá koríko padà bí ó ti wà, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Ilé wo ni kì í ní ojúde? Kó igbó rẹ sí ẹ̀yìnkùlé."

Ó fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ó rántí pé igbó yẹn kì í jẹ́ kí òun rí edé òun dáadáa. Ó to òkúta ńlá sí àárín bí ògiri, ó gbin koríko sẹ́yìn rẹ̀ kí ó ki, ó sì fi iyanrìn iwájú sílẹ̀ lásán. Ìyá ń pàṣẹ: "Sún un sọ́tùn-ún. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀n-ẹ́n!"

Nígbà tí Nehemiah tú abo náà sínú omi, edé náà dúró díẹ̀ ní iwájú, ó yí òkúta po, ó sì wọ inú koríko lọ. Nehemiah na ọrùn láti wò ó. Ìyá rẹ̀ gbá a léjìká.

"Kúrò níbẹ̀. Ta ní ń yọjú wo aboyún ní ẹ̀yìnkùlé?"

Kí oṣù náà tó parí, Nehemiah pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, àwọn ọmọ ti jáde! Wọ́n ń jẹun ní ojúde."

"Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì mọ́?"

"Ó mọ́, Màmá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Bá mi kí ìyá wọn."