Ta Ni Ká Pè?

Ìyá Ìbejì aránṣọ da aṣọ bo maṣíìnì rẹ̀, ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yí ká, ó yan ibi tó mọ́ jù, ó sì dákú. Ó ti kọ́kọ́ pe ọkọ̀ pàjáwìrì àdúgbò lórí fóònù ná, ó ní, "Àyà ń dùn mí o, ẹ tètè máa bọ̀." Ẹ má tíì bú u. Owú ló gbé e débẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà, wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ọkọ̀ náà. Ìjọba ò fowó sí i. Owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù ni wọ́n fi ń ra epo àti oògùn. Ẹni tí kò bá dá, ìlọ́po mẹ́ta ló máa san lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e. Àwọn tó ń gbé aláìsàn ò gba nǹkan kan, wọ́n sì ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ìbejì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni wàhálà. Ó rẹwà, kò lọ́kọ, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó wá gba owó oṣooṣù náà nílé wọn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ kúulé o. Kápẹ́ńtà mi ńkọ́?"

Kápẹ́ńtà mi! Oorun dá lójú Ìyá Ìbejì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dá owó mọ́. "Ṣé kí n tún máa ra epo sí mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ọkọ mi lọ ni?" ló sọ fún àbúrò rẹ̀. Nílé, Bàbá Ìbejì kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Á wẹ̀, á jẹun, á kọjú sí ògiri. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun ìyàwó rẹ̀ máa gbọ́. Lónìí, òun á fojú ara òun rí i.

Ọkọ̀ náà ké dé ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rọra ló wà á, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò rọra rí. Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn díẹ̀, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ó mi orí pé òun ń gbọ́. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Áà, ọkàn yìí mà ń sáré o!" Báwo ni kò ṣe ní sáré? Owú ń lé e. "Kápẹ́ńtà mi, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ń dí mi lójú! Rọra mi, ó yá, gbéra!"

Rọra mi? Ìyá Ìbejì la ojú kan.

"Máa bá mi sọ̀rọ̀, má sùn," ni ọkọ rẹ̀ wí. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn, kó máa bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé ọsibítù. "Aṣọ ta lò ń rán lọ́wọ́?"

"Ti olùkọ́."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ ewé."

"Àwọ̀ ewé lo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ."

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ta lẹni yìí? Ìyá Ìbejì ò mọ̀ pé ọkọ òun ṣì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé Nọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jowú gbogbo aláìsàn àdúgbò. Alágbàfọ̀ tó yọ̀ ṣubú ti gbọ́ ohùn yìí. Obìnrin tó bímọ sínú ọkọ̀ náà ti gbọ́ ọ. Gbogbo wọn pátá, àfi òun.

"Ta ni ká pè fún ẹ?" ló tún bi í.

"Ọkọ mi."

"Ó ti dé," ni Bàbá Ìbejì wí.

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ìgbà yẹn ni fóònù Nọ́ọ̀sì dún. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá ọjà ti ṣubú, kò lè mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbá orí mú. "Mọ́tò kan ṣoṣo la ní. Àyà ń dun èyí, mi ò lè yà síbẹ̀."

Tí Ìyá Ìbejì bá dákẹ́, ohùn yẹn á máa bá a lọ títí. Ó dìde jókòó.

"Ẹ yà síbẹ̀. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà!"

"Rọra mi, yí padà! Ẹ̀yin, ẹ kúrò lórí ibùsùn yẹn. Ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀."

Wọ́n bá bàbá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Nọ́ọ̀sì fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. "Bàbá, ẹ má sùn. Bàtà ta lẹ̀ ń tún ṣe lọ́wọ́?" ni Bàbá Ìbejì ń bi í, ohùn kan náà. Ó dun Ìyá Ìbejì wọra, ṣùgbọ́n ó di ẹsẹ̀ bàbá náà mú gírígírí kó má bàa já bọ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní díẹ̀ ló kù kí bàbá náà kú, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Nọ́ọ̀sì jáde, ó wo Ìyá Ìbejì látòkè délẹ̀. "Ìlọ́po mẹ́ta o, màámi. Owó irọ́ ṣì wà lọ́tọ̀." Ó sì lọ bá Rọra.

Tọkọtìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú."

"Mo ti mọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. O da aṣọ bo maṣíìnì. Aláìsàn wo ló ń ráyè ìyẹn? Nígbà tí fóònù dún, mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, ìwọ lo ṣáájú mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti bi ẹ́ léèrè nǹkan, tó o dá mi lóhùn láìjà."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ń dùn ún. Ìjà ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Kápẹ́ńtà mi, a ń lọ o!" ni Nọ́ọ̀sì ké. Owú tún ta Ìyá Ìbejì. Ó dìde, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ fi mí kún àwọn tó ń gbé aláìsàn," ló sọ fún Nọ́ọ̀sì. "Ọjọ́ tí ọkọ mi bá ń lọ ni kẹ́ ẹ máa fún mi."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Rọra gbéra, kò sì rọra.

"Aṣọ àwọ̀ ewé yẹn," ni Bàbá Ìbejì wí jẹ́jẹ́, "ṣé ó ṣì wà?"

Ìyá Ìbejì fẹ́ sọ pé, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi nu fáníìṣì lára tábìlì. Ó wojú rẹ̀.

"Kò sí mọ́," ló wí. "Màá rán òmíì."