Sísín Mashdi Heybat Níbi Ìtọrọ Ìyàwó

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa nílùú Hamadan tí òtútù kì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ wí, a sì gbà á gbọ́, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ rí. Mashdi Heybat lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, ilé wa sì fara kan ara. Ìkòkò bàbà ló ń rọ lọ́jà títí ó fi darúgbó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí yìnyín bá ti bo òkè Alvand, tí omi inú páìpù dì gbagidi, tí gbogbo wa wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù bí àlùbọ́sà, Heybat á jáde sí àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀ tòun ti ṣòkòtò nìkan, á bu yìnyín, á máa fi ha àyà bí ẹni ń fi kànrìnkàn wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bá wa nílé tíì, á jókòó, á máa béèrè ta lòtútù pa mọ́jú.

Kì í ṣe pé kò rí ẹni gbà á nímọ̀ràn. Golandam, ìyàwó rẹ̀, kì í sọ ìkòkò ṣálgám kalẹ̀ lórí iná ní gbogbo ìgbà òtútù. Ṣálgám yìí, gbòǹgbò róbótó ni, bíbọ̀ la máa ń bọ̀ ọ́ jẹ, kò sì sí ìyá kan nílùú wa tí kò gbà pé ó ń lé òfìnkìn. Mahrokh, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni. Òun ti bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún àwọn àgbà kí òtútù tó wọlé. Heybat ní oúnjẹ àgùntàn ni ṣálgám, abẹ́rẹ́ sì wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyìn dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí àwa àgbà ilé tíì wá máa fi yìnyín wẹ̀ pẹ̀lú òun. A lọ. Mo bu yìnyín lé àyà lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi dúró díẹ̀ kó tó rántí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ń ti kálukú láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ti bọ́ra tán, eyín wa ń gbá pọ̀, ni Heybat bá sín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lọ́dọ̀ tiwa, béèyàn bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tẹ́nì kan sín lẹ́ẹ̀kan, sùúrù ti dé nìyẹn, a gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá tún sín lé e, ọ̀nà ti là. Heybat gbọ́wọ́ sókè bí onídàájọ́, ó ní sùúrù dé, ká wọ ẹ̀wù wa. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sín, a tún wọ ẹ̀wù. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Safdar oníbúrẹ́dì, ọ̀kan nínú àwa tó ń wẹ yìnyín, wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Heybat, sùúrù tìrẹ yìí mà ń da ikun."

Heybat ní ìrì ni.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an làwọn ẹbí Bahador fẹ́ wá tọrọ Mahrokh. Ẹ̀rọ amúlégbóná ni Bahador ń tún ṣe. Níbi tó ti wá tún ti ilé ìwòsàn ṣe lòun àti Mahrokh ti pàdé, ẹ̀rọ náà sì ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ láti ìgbà náà. Ìyá àgbà rẹ̀, Bibi Nosrat, ló tọ́ ọ dàgbà, lẹ́nu rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nílé wọn. Obìnrin yìí kì í fẹsẹ̀ kan ìta láì kọ́kọ́ wo àmì ọjọ́.

Mahrokh kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ pé ohùn rẹ̀ ti yí padà, pé kó bomú, kó jókòó lọ́tọ̀, kó má sì fẹnu ko àlejò kankan. Golandam tiẹ̀ ní kó kúkú wà ní yàrá, òun á sọ pé ó rìnrìn àjò.

Heybat bínú. "Kí wọ́n wá tọrọ ọmọ mi kí n máa sá pamọ́? Ṣé mo jalè ni?"

Nígbà táwọn àlejò dé, lẹ́nu ọ̀nà ló ti pàdé wọn, èmi náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ilé. Ó fẹnu ko Bahador lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ko ó ní tòsì, ó tún padà sí tọ̀tún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá Bahador, ó sì fẹnu kan Bibi lórí. Mo rí Mahrokh lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bojú.

A jókòó yí kọ́sì ká, tábìlì kúkúrú tí ẹyín iná wà lábẹ́ rẹ̀, a fa aṣọ ńlá tó bò ó dé ìgbáyà, a ti ẹsẹ̀ bọ inú ooru. Mahrokh gbé tíì wá. Bibi Nosrat tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Lórúkọ Ọlọ́run, ohun tó gbé wa wá ni pé..."

Heybat sín.

Bibi gbé ife kalẹ̀. "Sùúrù dé," ló wí.

Gbogbo wa dúró de èkejì. Heybat wo iná àtùpà, ó fa irun imú rẹ̀ tu, kò sín. Golandam nawọ́ gba abẹ́ aṣọ láti já a léèékánná, àmọ́ itan tèmi lọwọ́ rẹ̀ bà, mo sì gbà á mọ́ra nítorí ọlá àlejò. Níkẹyìn, ó dìde, ó gbé ata lílọ̀ wá lórí àwo bí ẹni pé a fẹ́ jẹun. Heybat fà á símú, ó sín. Ojú gbogbo wa là. Bibi rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀, "Lórúkọ Ọlọ́run..." Heybat tún sín. Ata tó kù nímú rẹ̀ kò wá gba sùúrù mọ́, ó ń sín léraléra títí a ò fi mọ iye rẹ̀ mọ́. Golandam ní ó pé méjì-méjì. Bàbá Bahador ní rárá, ó ku ọ̀kan. Èmi náà dá sí i, mo tún dà á rú sí i.

Bibi Nosrat ti ń kó ìborùn rẹ̀ jọ. Ó ní kò sí ìjà, àwọn á padà wá nígbà tí igi bá rúwé.

Mahrokh kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà táwọn àlejò ti dé, nítorí ẹni tí wọ́n wá tọrọ kì í lanu. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà náà.

"Bibi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kì í ṣe sùúrù ló dé, òfìnkìn ni. Ó ti wà lára bàbá mi kẹ́ ẹ tó dé, yìnyín tí wọ́n fi ń wẹ̀ ò sì lé e. Wọ́n ti fẹnu ko gbogbo yín lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wa la ó máa sín. Tẹ́ ẹ bá ń dúró dọjọ́ tẹ́nì kan ò ní sín nílé yìí, àfàìmọ̀ kí n má hu ewú síbẹ̀."

Bibi yíjú sí Heybat, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ọkùnrin tí òtútù kì í mú fa aṣọ orí kọ́sì bo àyà.

"Díẹ̀ ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde bíi ti ewúrẹ́.

Ni Bibi Nosrat bá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tóun ti ń wá ẹni tí yóò máa sọ òótọ́ ara òun fóun, pé àwọn tó wà nílé ń purọ́ fóun pé ara òun le bí òkúta. Ó ní kí wọ́n gbé ṣúgà tí a fi ń dì ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá, òun ti gbà. Bahador sín, kò sẹ́ni tó kà á.

Bí Mahrokh ti wí ló rí. Yìnyín dí ọ̀nà ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ibà sì mú Bibi kó tó lè padà sílé, ló bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kọ́sì, tí Heybat wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mahrokh fi òfin mú àwọn méjèèjì. Kálukú ní ife tirẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lóòrèkóòrè, ó sì ń ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́sàn-án kí ẹ̀fin àti afẹ́fẹ́ àìsàn lè jáde, bí wọ́n tilẹ̀ ń ráhùn. Bahador á bomú, á fẹsẹ̀ rìn wá nínú yìnyín, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọsàn dídùn lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń korò bó bá pẹ́ lẹ́yìn tí a gé e, á ní kí wọ́n jẹ ẹ́ kíá. Heybat kọ ṣálgám, Bibi ní, "Ọkùnrin, jẹun," ó sì jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, tó máa ń bọ́ sígbà tí igi ń rúwé lọ́dọ̀ wa, ni Mahrokh àti Bahador ṣègbéyàwó. Heybat àti Bibi Nosrat ti wá di ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kì í wọ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pàdé, ìjà ni lórí ta ni ara rẹ̀ gbóná jù nínú àwọn méjèèjì nígbà ibà ọjọ́ náà, Heybat sì ń búra pé kò sẹ́ni tó ṣàìsàn tó òun rí ní gbogbo Hamadan.