Ẹni Tó Pò Ó Kì Í Mu Ún

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyàwó ọmọ mi ti ń po nǹkan mímu nínú ilé yìí tí kò fẹnu kàn án. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí Tinúadé pò tí kì í kọ́kọ́ dà sí àtẹ́lẹwọ́ lá. Yóò lá a, yóò pa ojú dé, yóò ní ó ku ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ní báyìí, ṣíbí ló ń nà sí mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Òun ni ọwọ́, èmi ni ẹnu. Kí ló dé?

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń po nǹkan mímu fún àwọn tó fẹ́ gba àlejò. Yóò rẹ tíì dúdú pọ̀ mọ́ sóbò, yóò fi atalẹ̀ àti koríko ọba sí i, yóò sẹ́ ẹ, yóò wá da oyin sí i. Ewé èfìnrìn ni yóò gbá láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí òórùn rẹ̀ lè jáde, kí ó tó fi í sórí gíláàsì. Ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ọtí nínú, mọ́kítéèlì ló ń pe ìyẹn. Ti àwọn olùkọ́ yunifásítì ní jíìnì nínú, ó di kọkitéèlì. Ewé tí a rẹ sínú ọtí, paraga ni àwa ń pè é, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ ìwé ẹ̀rí wò ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gbé ayédèrú ìwé wá, kíkí ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ti ń kí mi jù, mo ti mọ̀. Tinúadé ń kí mi jù.

Kì í ṣe ti mímu nìkan. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò ní òun ń lọ ra sóbò gbígbẹ ní Sábó. Òfìfo àpò ni yóò gbé bọ̀. Tí mo bá wọ pálọ̀, òun àti Kọ́lápọ̀ ọmọ mi á dákẹ́. Mo se èkuru tó fẹ́ràn, ó ní òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Ọjọ́ kejì ni mo rí èkuru mi nínú garawa ìdọ̀tí, ó ṣì wà nínú ewé rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Solomon, tí a jọ fẹ̀yìn tì.

"Kọ́lápọ̀ ń kọ́? Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" ni ó bi mí.

"Ó ti rù díẹ̀."

"Hẹn-ẹ́n." Ó mi orí. "Ìfura loògùn àgbà o. Ẹni tó po nǹkan tí kò lè mu ún, ó mọ ohun tó fi sí i."

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, bàbá rẹ̀ sì ti lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá gba Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́ mi, kí ló kù fún mi?

Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Solomon wá sí ilé Kọ́lápọ̀ ní Òkè-Ogbò, níbi tí mò ń gbé, láti tọ́ ohun tí ẹgbẹ́ àwa tó ti fẹ̀yìn tì máa mu nípàdé wò. Tinúadé gbé gíláàsì méjì wá lórí tíréè, ó pupa, ó ń dán, èfìnrìn wà lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyá Solomon wò mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ìyàwó," mo ní, "nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó gbé nǹkan mímu fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu ún. Mu tèmi yìí kí a rí i."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bu omi mu dípò ẹ̀."

"Ṣé omi lo gbé fún wa?"

"Mi ò lè mu ún, Mọ́mì."

Ìyá Solomon rọra gbé gíláàsì tirẹ̀ padà sórí tíréè, ó nu ọwọ́ lára ìró. N kò ní parọ́, inú mi dùn díẹ̀: ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

"Kí lo fi sí i? Mu ún! Mu ún lójú mi!"

Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbé gíláàsì náà. Ó ti kan ètè rẹ̀ kí Kọ́lápọ̀ tó gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú àpò yìnyín. Ó ju àpò náà sílẹ̀, ó gbá gíláàsì dànù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Sóbò ta sí ara ògiri.

"Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ mu sóbò!"

"Nọ́ọ̀sì wo?"

Tinúadé fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn.

"Oṣù mẹ́ta ni, Mọ́mì," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń lọ sí kílíníìkì."

Ayọ̀ gbé mi dìde. Mo ti na apá láti gbá Tinúadé mọ́ra, mo ti ń pe orúkọ Olúwa, kí n tó rí i pé ó ń sún sẹ́yìn. Lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Mo rántí èkuru inú garawa.

"Èmi lẹ̀ ń fura sí," mo ní.

Kọ́lápọ̀ wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Ẹ̀rù ló bà mí, Mọ́mì. Ìgbà àkọ́kọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí a sọ fún yín tó fi bàjẹ́. Ìgbà kejì náà..."

Ìyá Solomon ní òun gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó ti wọ bàtà kí n tó yíjú.

Inú bí mi. Èmi! Èmi tí mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún nítorí oyún kejì yẹn! Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ kó ẹrù mi kúrò nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pe ọmọ ọlọ́mọ ní apani nínú ọkàn mi, ẹ̀rí mi kò sì ju ṣíbí kan lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo po ògì gbígbóná, mo fi mílíìkì sí i, mo gbé e lọ sí yàrá Tinúadé. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó kí mi kú wàhálà, ó gbé abọ́ náà lé orí itan. Ó ń fi ṣíbí rò ó, kò mu ún.

N kò bá a jà. Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu ògì sẹ́nu. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní ọ̀fun mi; ó ń wò ó bóyá màá gbé e mì, bí èmi náà ṣe ń wo ọ̀fun tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo gbé e mì. Mo tún bu ìkejì, nítorí kò tíì na ọwọ́ gba ṣíbí náà.